Bí ìlà ṣe ń ní ìwúwo: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù yíyà tirẹ̀ ní Òṣogbo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Ayétòrò. Ó na ìka kan sójú fóònù mi, ó ya ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan sókè ọsàn tó wà níbẹ̀. Bó ṣe gbé ìka kúrò ni ìlà náà já bọ́, ó kọ lu ọsàn, ọsàn yí gbirigbiri, ó kó sínú agbọ̀n. Ọmọ náà kò sọ pé òun ti jẹ, ìyẹn pé òun ti borí. Ohun tó sọ ni pé, "Bọ̀dá, ó wúwo!"

Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Irú géèmù tí mò ń sọ ni èyí tí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀ máa ń ya nǹkan sójú fóònù, tí ohun tó yà á sì di igi, òkúta, afárá tàbí kẹ̀kẹ́: ó ń ṣubú, ó ń yí, ó ń ti nǹkan míì. Gbogbo adùn rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ìlà fi ń di nǹkan. Bí ìṣẹ́jú àáyá yẹn bá bàjẹ́, kò sí àwọ̀ tàbí orin tó lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ìlà ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ló dá irú géèmù yìí sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Petri Purho, ló fi ọjọ́ márùn-ún ṣe Crayon Physics àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà 2007, nígbà tó ń gbé géèmù kékeré kan jáde lóṣooṣù. Nígbà tó di 2008, èyí tó fẹ̀ sí i, Crayon Physics Deluxe, gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi Independent Games Festival, ìdíje àwọn tó ń dá géèmù ṣe, ó sì jáde fún títà ní oṣù kìíní 2009. Ìṣirò físíìsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń ṣubú tó sì ń yí, ni Box2D, tí Erin Catto kọ tó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Òun kan náà ló wà lábẹ́ Angry Birds. Ní Slovenia, Boštjan Čadež ti gbé Line Rider, géèmù ìlà yíyà míì, jáde ní 2006. Ní Sweden, Emil Ernerfeldt ṣe Phun, tí a ti ń ya nǹkan kó lè ṣubú kó sì yí, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Umeå. Phun ló di Algodoo lónìí. Ọwọ́ ẹnì kan, kọ̀ǹpútà kan. Ẹni tó bá ní láátóòpù tó ti gbó ní Òkè-Fíà tàbí ní Ìgbọ̀nà lè ṣe èyí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Láátóòpù tí RAM rẹ̀ tó 4GB, fóònù Android kan àti okùn tó so wọ́n pọ̀, ìwé ìkọ̀wé kan, pẹ́ńsù, páálí. Ẹ gba Godot, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù, sórí kọ̀ǹpútà: ọ̀fẹ́ ni, kò sì tó 200MB, nítorí náà dátà kékeré gbé e. Àwọn ọmọ Argentina méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2014. Godot ní ìṣirò físíìsì tirẹ̀ nínú, kò pọn dandan kí ẹ tún lọ wá Box2D. Bí iná bá wà, ẹ kọ́kọ́ gba agbára sínú bátìrì ná, kí ẹ sì máa tẹ Ctrl+S bí ẹni tó ń mí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbá tiwọn ná

Ẹ lo Algodoo fún ọjọ́ méjì. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ ya òbìrí kan, ẹ ya pákó kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣubú lu ara wọn. Ẹ yí bí nǹkan ṣe ń yọ̀ padà, ẹ yí bó ṣe ń ta padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni àkókò: ó tó ìgbà wo kí ìlà tó di nǹkan lẹ́yìn tí ẹ gbé ọwọ́ kúrò? Nínú àwọn tó dára, kò sí ìdúró kankan. Ẹni tó bá ní owó kó ra Crayon Physics Deluxe lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì wò ó bí Purho ṣe ń jẹ́ kí ìpele kan ṣoṣo, ìyẹn àdánwò kan nínú géèmù, ní ìdáhùn púpọ̀. A máa padà sórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: páálí ṣáájú kọ̀ǹpútà

Ẹ gbé páálí Indomie kan nàró, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò ṣe bọ́ọ̀lù, ẹ fi ìgbálẹ̀ àti igi ìṣáná ṣe ìlà. Ẹ gbé pákó lé òkúta, ẹ ju nǹkan sí apá kan, ẹ wo bí apá kejì ṣe ń sọ ọsàn sókè. Àwa tí a ta òkòtó nígbà èwe ti mọ púpọ̀ nínú físíìsì yìí lọ́wọ́ kó tó di pé a mọ̀ ọ́n lórí: a mọ̀ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀ ni òkòtó ti ń pẹ́ lórí ìdúró. Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá yà yín lẹ́nu sínú ìwé. Ohun tó yà yín lẹ́nu ló máa di ìpele lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilẹ̀, ọsàn, agbọ̀n

Èyí yá. Nínú Godot, StaticBody2D ni ilẹ̀, nítorí kò ní í mira. RigidBody2D ni ọsàn, nítorí ó ń ṣubú, ó ń yí; ẹ fún un ní CircleShape2D, ìrísí roboto, tí radius rẹ̀ jẹ́ 24. Agbọ̀n jẹ́ ìlà mẹ́ta tí kò mira, pẹ̀lú Area2D nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ bóyá ọsàn ti wọlé. Ẹ má ṣe kéde pé ẹni tó ń gbá a ti borí bí ọsàn bá ṣe ń kan agbọ̀n báyìí. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ọsàn lè ta jáde. Ẹ tan géèmù náà. Bí ọsàn bá já bọ́ sórí ilẹ̀ tó sì dúró, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ìka ṣe ń rìn lójú fóònù, fóònù ń fi ibi tí ìka wà ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìlà kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú àmì, gbogbo ojú àmì yẹn ni físíìsì máa ṣírò, fóònù tí kò lágbára á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nítorí náà, ẹ má gba àmì tuntun àfi tó bá jìnnà sí èyí tó ṣáájú ju píksẹ́ẹ̀lì (ẹ̀yà tó kéré jù lójú fóònù) 12 lọ. Ìlà tó gùn tó 600 á wá ní nǹkan bí 50 àmì.

A tún lè dín in kù. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Ramer, Douglas àti Peucker pè, ó ti wà láti 1972 sí 1973, fún àwọn tó ń ya máàpù. Ẹ rántí bí bíríkìlà ṣe ń na okùn láti igun kan dé èkejì. Ẹ na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Ẹ wá àmì tó jìnnà sí okùn jù. Bí ìjìnnà yẹn kò bá tó píksẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, gbogbo àmì àárín kò wúlò, ẹ kó wọn dànù. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kan èèkàn sí àmì yẹn, ẹ na okùn méjì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà gbọọrọ á ku àmì méjì, ìlà kọ́lọkọ̀lọ á ku mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú kò sì ní í mọ ìyàtọ̀.

Báwo ni àwọn àmì yìí ṣe ń di nǹkan? Ìṣirò físíìsì kò fẹ́ràn ìrísí tó ní kòtò nínú. Box2D Lite tí Catto fi hàn ní 2006, àpótí nìkan ló mọ̀. Box2D gan-an kì í fẹ́ kí ìrísí kan ní ju igun mẹ́jọ lọ, kò sì gbọdọ̀ ní kòtò. Ìlà tí ọmọdé bá yà, kòtò ló kún inú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí a má ya ìrísí ńlá kan rárá: láàárín àmì kan àti èkejì, ẹ fi kápúsù kékeré kan (ìrísí gbọọrọ tí orí rẹ̀ méjèèjì rí roboto) sí i, gbogbo kápúsù wà lára nǹkan kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí okùn kan, àfi pé okùn yìí kì í tẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí (ami ni àkójọ àwọn àmì tí a ti dín kù):

func pari_ila():
    var ara = RigidBody2D.new()
    var gigun = 0.0
    for i in range(ami.size() - 1):
        var a = ami[i]
        var b = ami[i + 1]
        gigun += a.distance_to(b)
        var iri = CapsuleShape2D.new()
        iri.radius = 6
        iri.height = a.distance_to(b) + 12
        var ibori = CollisionShape2D.new()
        ibori.shape = iri
        ibori.position = (a + b) / 2
        ibori.rotation = (b - a).angle() + PI / 2
        ara.add_child(ibori)
    var ila = Line2D.new()
    ila.points = ami
    ila.width = 12
    ara.add_child(ila)
    ara.mass = clamp(gigun / 200.0, 0.5, 5.0)
    add_child(ara)

PI / 2 wà níbẹ̀ nítorí pé òró ni kápúsù máa ń dúró nínú Godot. Ẹ gbọ́dọ̀ dá a nàbú kó tó bá ìlà mu. Line2D ni ohun tí ojú ń rí, kápúsù ni ohun tí ọwọ́ físíìsì ń kàn. Godot á wá ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó sí fúnra rẹ̀, nítorí náà ìlà tó dà bí ìwọ̀ á yí bí ìwọ̀ gidi.

Bí àmì bá kéré sí méjì, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹni tó kàn fọwọ́ tọ́ ojú fóònù kò ya nǹkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwúwo

Ẹ wo ìlà tó ní mass, ìyẹn ìwúwo, nínú kóòdù òkè yẹn. Nígbà àkọ́kọ́, mi ò kọ ọ́. Mo ṣe ìpele pákó orí òkúta, mo ya ẹ̀rún kékeré kan sí apá ọ̀tún, mo ya igi ńlá kan sí apá òsì, ni pákó bá dúró gbọọrọ. Ẹ̀rún àti igi dọ́gba! Mo fi odidi ọ̀sán kan wá àṣìṣe náà nínú ìlà, nínú òkúta, nínú òòfà ilẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Nínú Godot, gbogbo RigidBody2D ló wọn 1 àyàfi tí ẹ bá sọ fún un pé kó wọn nǹkan mìíràn, bó ti wù kó tóbi tó. Bí mo ṣe so ìwúwo mọ́ gígùn ìlà báyìí ni pákó tẹ̀ gbì sí apá igi.

Ẹ kíyè sí 0.5 àti 5.0. Bí ohun wúwo bá wà lórí ohun fúyẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì lọ, ìṣirò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nǹkan á máa jó níbi tó yẹ kó ti sinmi. Ìwé Box2D fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa ìlọ́po mẹ́wàá yìí. Mo fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn dá a dúró síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó máa bàjẹ́

Ọsàn á fò kúrò lójú fóònù bí ìbọn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ya ìlà gba inú ọsàn kọjá: nǹkan méjì wà níbi kan ṣoṣo, físíìsì á tì wọ́n sọ́tọ̀ tipátipá. Ẹ dá ìlà dúró bí ìka bá ti wọ inú nǹkan kan.

Nǹkan kékeré á la ìlà kọjá. Godot ń ṣírò ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà ilẹ̀ tó bá a wá jẹ́ 980, nítorí náà ohun tó já bọ́ láti òkè 700 á ti máa sáré tó 1170, ìyẹn nǹkan bí píksẹ́ẹ̀lì 20 ní ìṣirò kan. Ìlà wa nípọn 12 péré. Ọsàn tóbi, kì í sábà kọjá, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ọmọdé yà lè wà lókè ìlà ní ìṣirò kan, kó wà nísàlẹ̀ ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ tan continuous_cd fún un, kí Godot lè máa ṣọ́ ọ láàárín ìṣirò méjì.

Ìka á bo ohun tí ó ń yà mọ́lẹ̀. Mi ò rí oògùn tó dára fún èyí ju kí àwòrán inú ìpele tóbi, kí àyè sì wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọ̀

Purho mú pẹ́ńsù ọmọdé aláwọ̀ àti bébà. Ìyẹn tirẹ̀. Ẹ má ṣe mú un. A wà ní Òṣogbo ìlú aró, ìlú tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Georgina Beier ní 1964 ti sọ àwọn bíi Twins Seven-Seven di oníṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀, ìlú tí Nike Davies-Okundaye ti dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Ìlà yíyà kì í ṣe àlejò níbí.

Mo lọ wo ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó ti se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ó ki ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, ó ń fi í ya ìlà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ yẹn bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ tán tí wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò, ìlà ọwọ́ rẹ̀ á jáde ní funfun lórí búlúù. Mo dúró wo bí ìlà yẹn ṣe ń nípọn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọra, tó sì ń tín-ín-rín níbi tó ti yára. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa bébà funfun inú géèmù mi rẹ́. Ilẹ̀ di búlúù aró (#1d2b64), ìlà di funfun (#f2efe4). Line2D ní width_curve tó lè mú kí ìlà nípọn níbì kan, kó sì tín-ín-rín níbòmíràn. Ẹ lò ó fún ojú nìkan, kápúsù kó dúró bó ṣe wà.

Àwọ̀ yìí ló tún bí òfin géèmù náà. Ìkòkò aró kan wà lókè, ìlà tí ẹ bá yà ń mu nínú rẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní aró tirẹ̀, bíi gígùn 900. Bí aró bá tán, ẹ pa ìlà kan rẹ́ kí ẹ tó ya òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìpele

Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan. Ọsàn wà létí pẹpẹ, agbọ̀n wà nísàlẹ̀. Ohunkóhun tí ẹni náà bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn á tì í. Èkejì ni afárá: odò wà láàárín, ìlà gbọ́dọ̀ gùn dé èbúté méjèèjì. Àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ ya èyí tó kúrú, á bọ́ sódò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un yà. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi àmì kankan kọ́ wọn. Ẹ̀kẹta ni pákó orí òkúta, èyí tí ẹ ti fi páálí dán wò.

Láti ibẹ̀ lọ, òfin kan ni mo ní, mi ò sì í yẹ̀ ẹ́: bí èmi fúnra mi kò bá lè rí ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra láti fi jẹ ìpele kan, mo máa ń jù ú nù. Ìpele ọ̀nà kan ṣoṣo dà bí ìbéèrè ìdánwò. Ẹni tó ń gbá a á máa wá ohun tó wà lọ́kàn mi, kò ní í máa wá ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo ti ju mọ́kànlá nù báyìí, ó sì dùn mí ní ti àwọn kan, torí wọ́n rẹwà lójú.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ẹnì kan á rí i pé kí òun sáà ya igi ńlá kan kó já lu ohun gbogbo, á sì fi jẹ ìpele méjìlá. Ẹ má bínú sí i. Ẹ fi òrùlé páànù bo ọsàn ní ìpele tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ dín aró kù sí 300, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ gbé e fún ènìyàn, kí ẹ panu mọ́

Mo gbé fóònù lọ sí ìsọ̀ aránṣọ kan lẹ́bàá Ọlá-Ìyà. Kí èèyàn panu mọ́ le ju kí ó kọ kóòdù lọ. Ìyá aránṣọ náà wo ìpele òrùlé, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n fà á ni àbí kí n tì í?" Mo ní, "Bó bá ṣe wù yín ni, mà." Ó ya ìlà gígùn kan, ó tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀. Ìlà náà já, orí rẹ̀ kọ́ etí òrùlé, ó rọ̀ wálẹ̀, ó ń fì síwá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ọsàn jáde lábẹ́ páànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí nínú ọ̀nà mẹ́ta tèmi. Aró 340 ló lò nínú 900.

Ẹ kọ ibi tí ìka àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹni náà pa ìlà rẹ́, ẹ kọ ibi tó ti mí kanlẹ̀. Ìrántí máa ń parọ́ fúnni bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ẹni mẹ́ta bá há síbì kan náà, ẹ̀bi ìpele ni.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: jáde

Ọ̀nà tó yá jù ni itch.io, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń pín géèmù, ọ̀fẹ́ ni láti gbé géèmù síbẹ̀. Láti Godot 4.3 tó jáde ní 2024, ó ti rọrùn láti gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà jáde, ẹ wá lè fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ti Android, ẹ máa nílò irinṣẹ́ méjì, Android SDK àti OpenJDK 17. Ìyẹn ló máa jẹ dátà yín jù, nítorí náà ẹ ṣe é níbi tí Wi-Fi bá wà. Bó bá jẹ́ Google Play lẹ fẹ́, dọ́là 25 ni owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ wá ènìyàn 12 tó máa dán géèmù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra kó tó lè jáde fún gbogbo ayé.

Mo ti rí mẹ́sàn-án. Ìyá aránṣọ wà lára wọn, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, àti ìyá alàdìrẹ, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti àwọn aládùúgbò méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bínú pé òun kò sí lára wọn, torí kò ní fóònù tirẹ̀. Mo ní kó ya ìpele kan sínú ìwé fún mi dípò rẹ̀. Ó ti yà á: ọsàn méjì, agbọ̀n kan, ọlọ ńlá kan láàárín. Mo ti rí ọ̀nà méjì láti fi jẹ ẹ́.